Ṣéènì Bajaj Boxer tó le jù: àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò àti àtúnṣe

Alùpùpù tí mo ṣiṣẹ́ lé lórí yìí jẹ́ Bajaj Boxer kan tí àbúrò bàbá mi fi ń lọ sóko láti Ṣakí, tó sì tún fi ń gbé ìyàwó rẹ̀ àti ẹrù lọ sọ́jà. Ohun tó fi sùn mí ni pé ìró kan ń kùn lábẹ́ máṣínnì náà. Bí ó bá dá gùn ún, ìró náà kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n bí èrò tàbí àpò gààrí bá ti wà lẹ́yìn, ńṣe ni yóò máa le sí i. Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ gbé e lọ bá sọ fún un pé ṣéènì ló tú, ó fà á le, ìró náà sì pọ̀ sí i. Wọ́n tún fà á lẹ́ẹ̀kejì, kò sì yí padà. Ìgbà náà ló ní kí n bá òun wò ó kí òun tó náwó sórí ṣéènì tuntun.

Mo kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun alùpùpù lọ́dọ̀ wa ló gbà pé ṣéènì tó le ni ṣéènì tó dára, àti pé bí ó bá ti ń mì díẹ̀, àléébù ni. Èrò yìí ń ba máṣínnì jẹ́, ó sì ń jẹ owó àwọn ènìyàn tí kò ní owó tí wọn yóò fi ṣòfò. Òótọ́ ni pé ṣéènì tó tú jù léwu, nítorí ó lè bọ́ kúrò lórí eyín sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwo irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí níwájú àti lẹ́yìn, kó sì há wíìlì mọ́ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ṣéènì tó tú máa ń pariwo kó tó ṣọṣẹ́: a máa lu ìbòrí, a sì máa fa máṣínnì gìrì bí ẹni tó ń gùn ún bá dẹ ọwọ́ tó fi ń fún ẹ́ńjìnnì níná, tó tún fà á. Èyí tó le jù kì í kọ́kọ́ pariwo. Inú ẹ́ńjìnnì ló ti ń ṣe iṣẹ́ ibi tirẹ̀, lára béárìn tó gbé sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú, níbi tí ojú kò tó.

Ohun tó fi yẹ kí ṣéènì ní àyè rèé. Bọ́ọ̀tì tí fọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, irin oníapá méjì tó di wíìlì ẹ̀yìn mú, ń yí lé lórí kò sí lójú kan náà pẹ̀lú sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà. Nítorí náà, bí wíìlì ẹ̀yìn ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀ lórí ṣọ́kù, bẹ́ẹ̀ ni àárín sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú àti ṣáàfù wíìlì ẹ̀yìn ń jìn, tó sì tún ń súnmọ́ ara. Ìgbà tí àárín wọn jìn jù lọ ni ìgbà tí sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú, bọ́ọ̀tì fọ́ọ̀kì àti ṣáàfù bá tò sórí ìlà kan ṣoṣo. Nígbà tí máṣínnì bá wà lórí sítáńdì àárín, wíìlì ẹ̀yìn máa ń rọ̀ wálẹ̀, àwọn mẹ́ta náà kì í sì í tò. Bí ènìyàn méjì bá jókòó, sípíríǹgì yóò tẹ̀, wíìlì yóò gòkè lọ síbi tí wọn yóò ti tò, ṣéènì yóò sì le ju bó ṣe wà lórí sítáńdì lọ. Ẹni tó bá wá fa ṣéènì le pátápátá lórí sítáńdì ti ná gbogbo àyè tí ṣéènì náà máa nílò nígbà tí èrò bá gùn ún. Ìró tó ń pọ̀ sí i bí ẹrù bá ti wà lẹ́yìn bá àlàyé yìí mu, ìdí nìyẹn tí mo fi fura sí líle ṣéènì kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Àyẹ̀wò kí a tó tú nọ́ọ̀tì kankan

Mo gbé máṣínnì náà sórí sítáńdì àárín lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mo pa á, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo sì fi jíà sí fíríì. Yíyọ kọ́kọ́rọ́ yìí kì í ṣe àṣejù. Àwọn kan máa ń tan ẹ́ńjìnnì, wọn a fi sí jíà kìíní kí wíìlì lè máa yí fúnra rẹ̀, wọn a sì máa fi àkísà nu ṣéènì bó ṣe ń lọ. Bí àkísà bá kó sáàárín ṣéènì àti eyín sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì, ìka ni yóò tẹ̀ lé e wọlé, kò sì sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó láti fà á jáde. Ọwọ́ ni mo fi yí wíìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí dé òpin.

Ẹni tó ni máṣínnì náà tẹ́lẹ̀ ti yọ ìbòrí ṣéènì kúrò nísàlẹ̀, nítorí náà ó rọrùn láti rí apá ìsàlẹ̀ ṣéènì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo gbé rúlà irin dúró ní òòró ní àárín gbùngbùn sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì, mo fi ìka kan ti ṣéènì lọ sókè títí tí kò fi lè lọ mọ́, mo ka ibi tó dé, mo tún fà á wálẹ̀ mo sì ka ìyẹn náà. Ohun tó wà láàárín kíkà méjèèjì ni àyè tí ṣéènì ní. Fún ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, mílímítà 20 sí 30 ni ìwé tó bá máṣínnì wá sábà máa ń kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan wà tí tiwọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sítíkà ara fọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ni kí a kọ́kọ́ wò bí ó bá ṣì wà níbẹ̀.

Kíkà ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ṣéènì kì í jẹ dọ́gba, sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì náà kì í sì í yípo tán láìyẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ibì kan yóò le ju ibòmíràn lọ. Mo yí wíìlì díẹ̀, mo wọ̀n, mo tún yí i, mo tún wọ̀n, títí gbogbo ṣéènì fi kọjá lójú rúlà. Ibi tó le jù lọ, mílímítà 8 péré ni àyè rẹ̀. Ibi tó tú jù lọ jẹ́ mílímítà 19. Mo fi ṣọ́ọ̀kì funfun sàmì sí ẹyọ tó wà ní ibi líle náà kí n má bàa tún máa wá a kiri. Ibi tí ó le jù lọ yìí ni gbogbo ìwọ̀n tó kù gbọ́dọ̀ ti wáyé. Ẹni tó bá lọ wọ̀n ọ́n níbi tó tú, tó sì ṣe ibẹ̀ dáadáa, ti mú kí ibi tó le di okùn tó fà pọnpọn.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé máṣínnì kúrò lórí sítáńdì. Àbúrò bàbá mi jókòó síwájú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jókòó sẹ́yìn, mo sì rí i pé àmì ṣọ́ọ̀kì wà nísàlẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò ti ṣéènì: kò gbé rárá. Ó le gbandi bí irin tí wọ́n jó pọ̀, débi pé mo rí i tí àwọn ẹyọ tó súnmọ́ sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn jókòó wọnú ìsàlẹ̀ eyín láìsí àlàfo kankan. Bí máṣínnì náà bá wá já sí kòtò pẹ̀lú ènìyàn méjì lórí rẹ̀, gbogbo agbára ìjásílẹ̀ náà ni ṣéènì yóò fi fa ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rí wà fún un: nígbà tí mo ṣí ìbòrí sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ tutù fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, erùpẹ̀ pupa sì ti lẹ̀ mọ́ ọn ní ìpele ìpele. Ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jáde, tó wà níbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ohun tó sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn bí a bá ń fa ọ̀pá tó gba àárín rẹ̀ kọjá sẹ́yìn ṣáá.

Ṣé ṣéènì náà ti jẹ tán ni?

Ìbéèrè tí ó ń dun àbúrò bàbá mi jù nìyí, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé kó lọ ra tuntun. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ṣéènì ti na, ṣùgbọ́n irin ara rẹ̀ kì í na bí rọ́bà. Inú ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni píìnì wà, píìnì náà ń yí nínú búṣì, rólà sì wà lórí búṣì náà. Ibi tí píìnì àti búṣì ti ń fara kan ara ló ń jẹ. Bí ṣéènì kan bá ní ẹyọ 110, tí oríkèé kọ̀ọ̀kan sì jẹ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà, nǹkan tí ojú kò lè rí, gbogbo ṣéènì náà yóò fi mílímítà 11 gùn sí i. Irú ṣéènì oníbúṣì àti rólà yìí ni Hans Renold ṣe jáde ní ìlú Manchester lọ́dún 1880, bó sì ṣe ṣe é nígbà náà ni ṣéènì alùpùpù ṣì rí di òní: ó pín ìjẹ náà sórí ojú búṣì tó gbòòrò dípò kó wà lórí etí irin pẹlẹbẹ, ìdí sì nìyẹn tí ṣéènì fi ń pẹ́.

Nọ́ńbà 428 ló wà lára ẹyọ ṣéènì yìí. Láti àárín píìnì kan dé àárín èkejì jẹ́ mílímítà 12.7, ìyẹn ìdajì ínṣì. Láti mọ bó ṣe jẹ tó, mo fọ ibì kan mọ́, mo fa ṣéènì kó tọ́, mo sì wọ̀n láti àárín píìnì kìíní dé àárín píìnì kọkànlélógún, èyí tó jẹ́ ogún àlàfo. Ti tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ mílímítà 254. Bí ó bá ti tó 259, ó ti fi nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún gùn sí i, a kò sì gbọdọ̀ lò ó mọ́. Mo wọ̀n ọ́n ní oríṣiríṣi ibi, ibi tó gùn jù sì jẹ́ 257. Ó ti lo púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tó èyí tí a ó jù nù.

Mo tún wo eyín sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì. Eyín tó dára máa ń dúró ṣánṣán, ọwọ́ iwájú àti ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ a sì jọ ara. Bí ó bá ti ń tẹ̀ sápá kan bí ìwọ̀, ṣéènì tuntun tí a bá gbé lé e lórí kò ní pẹ́ kó tó bàjẹ́. Eyín ti ẹ̀yìn ṣì dúró dáadáa, ti iwájú ti ń mú díẹ̀ lórí. Iwájú ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, nítorí pé eyín rẹ̀ kéré níye: bí iwájú bá ní eyín 14, tí ẹ̀yìn sì ní 42, ìgbà mẹ́ta ni eyín iwájú kọ̀ọ̀kan yóò gba ṣéènì kí eyín ẹ̀yìn tó gbà á lẹ́ẹ̀kan.

Nǹkan mìíràn hàn lára eyín ẹ̀yìn náà tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan lára eyín náà ń dán bí irin tí wọ́n fi fáìlì ra, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì dúdú. Èyí túmọ̀ sí pé pẹlẹbẹ inú ṣéènì ń fi ara ra eyín bó ṣe ń wọlé, wíìlì ẹ̀yìn kò sì dojú kọ iwájú gan-an.

Títọ́ wíìlì

Àmì tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sára fọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mọ̀ bóyá wíìlì tọ́. Lórí máṣínnì yìí, àmì ọ̀tún àti ti òsì bá ara mu pátápátá, síbẹ̀ wíìlì náà wọ́. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, ájọ́sítà apá ọ̀tún, irin tí a fi ń fa ṣáàfù wíìlì sẹ́yìn tàbí síwájú, kì í ṣe èyí tó bá máṣínnì wá. Ẹnì kan ti pààrọ̀ rẹ̀ sí irú mìíràn tí ihò rẹ̀ wà ní ibòmíràn, nítorí náà àmì rẹ̀ ń purọ́. N kò gbẹ́kẹ̀ lé àmì wọ̀nyí mọ́ lórí alùpùpù èyíkéyìí tó ti gba ọwọ́ ju ẹnì kan lọ.

Ohun tó dájú ni kí a wọ̀n láti àárín bọ́ọ̀tì tí fọ́ọ̀kì ń yí lé lórí dé àárín ṣáàfù wíìlì, ní ọ̀tún àti ní òsì. Mo fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí mo tẹ orí rẹ̀ ṣe é, mo fi rọ́bà kékeré sàmì sí ibi tó dé ní apá òsì, mo sì gbé e lọ sí apá ọ̀tún. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 3: òsì, níbi tí ṣéènì wà, ló ti lọ sẹ́yìn ju ọ̀tún lọ. Ẹni tó ń fa ṣéènì le ti ń yí ájọ́sítà apá ṣéènì nìkan, ó sì fi èkejì sílẹ̀ lẹ́yìn tí àmì bá ti jọ ara.

Mo yọ kọ́tà píìnì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú fúnra rẹ̀, mo tú nọ́ọ̀tì ńlá orí ṣáàfù títí ṣáàfù fi lè rìn ṣùgbọ́n tí kò mì, mo tú nọ́ọ̀tì irin gígùn tó di àwo búrẹ́ẹ̀kì mú mọ́ fọ́ọ̀kì, mo sì tú nọ́ọ̀tì kékeré tó ń de ájọ́sítà méjèèjì. Níbí, ó yẹ kí a ronú kí a tó yí nǹkan. Bí mo bá ti apá òsì síwájú ní mílímítà 3 kó lè bá ọ̀tún dọ́gba, ṣéènì yóò tú jù. Nítorí náà mo fi òsì sílẹ̀ níbi tó wà, mo sì fa ọ̀tún sẹ́yìn títí ọ̀pá ìwọ̀n mi fi sọ pé wọ́n dọ́gba. Lẹ́yìn èyí nìkan ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ṣéènì padà, tí mo ń yí ájọ́sítà méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà, tí mo sì ń fi ọwọ́ ti wíìlì síwájú kó lè tẹ̀ lé wọn.

Ó yẹ kí ẹni tí kò tíì ṣe é rí mọ bí ìyípadà náà ṣe kéré tó. Ìwọ̀nba díẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo nọ́ọ̀tì ájọ́sítà, ni ó gbé àyè ṣéènì kúrò ní mílímítà 8 lọ sí 25. Ṣáàfù náà kò rìn tó mílímítà kan. Nígbà tí ṣéènì bá le, gígùn tí kò tó nǹkan máa ń di ìgbésókè tó pọ̀ ní àárín rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó bá ń yí nọ́ọ̀tì ní ìyípo odidi kan kò fi ní bá ìwọ̀n tó dára pàdé láéláé: yóò máa ti líle bọ́ sí títú, yóò sì máa ti títú bọ́ sí líle. Ìdí kan náà ló fà á tí ìyàtọ̀ àárín ibi líle àti ibi títú fi dínkù. Tẹ́lẹ̀, 8 àti 19 ni; lẹ́yìn tí mo dá a padà, ibi líle di 25, ibi títú sì di 30 péré. Bí ìyàtọ̀ náà bá ṣì pọ̀ gan-an lẹ́yìn tí a ti fún ṣéènì ní àyè tó tọ́, a jẹ́ pé ó ti jẹ káńkán sí ibì kan, a ó sì pààrọ̀ rẹ̀ láìwo ti 259.

Ọmọ àbúrò bàbá mi, tó ń bá mi di rúlà mú, wo ṣéènì tó ń mì nísàlẹ̀, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé kò ti tú jù báyìí?” Mo ní kó fara balẹ̀ títí a ó fi gbé e sílẹ̀.

Dídè é padà ló máa ń ba iṣẹ́ tó dára jẹ́. Bí a bá ń de nọ́ọ̀tì ṣáàfù, ṣáàfù lè yọ́ rìn sẹ́yìn, ṣéènì yóò sì tún le. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ká àkísà nípọn, mo fi í sáàárín ṣéènì àti sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ní ibi tí ṣéènì ti ń wọlé, mo sì fi ọwọ́ yí wíìlì díẹ̀ títí àkísà náà fi há. Ìhá yìí ń fa ṣáàfù síwájú, ó sì ń mú kí ájọ́sítà méjèèjì gbára lé ìdí wọn ṣinṣin. Bó ṣe wà báyìí ni mo de nọ́ọ̀tì ńlá náà, mo yọ àkísà, mo de nọ́ọ̀tì kékeré ti ájọ́sítà, mo sì tún wọ̀n níbi àmì ṣọ́ọ̀kì: 25 ṣì ni. Mo fi kọ́tà píìnì tuntun sí i. Èyí tí a yọ kò yẹ láti padà síbẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rẹ̀ níbi tí a tẹ̀ ẹ́.

Nítorí pé apá ọ̀tún ti lọ sẹ́yìn ní mílímítà 3, ọ̀pá búrẹ́ẹ̀kì ti fà, ẹsẹ̀ búrẹ́ẹ̀kì kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àyè mọ́. Ẹni tó bá gbàgbé èyí yóò máa gun máṣínnì tí búrẹ́ẹ̀kì rẹ̀ ń fara ra họ́ọ̀bù láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò dé òpin, yóò sì máa rò pé ẹ́ńjìnnì ni kò lágbára mọ́. Mo tú nọ́ọ̀tì ọ̀pá náà títí ẹsẹ̀ búrẹ́ẹ̀kì fi lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí mílímítà 25 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì, mo yí wíìlì láti rí i pé ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo sì wò ó bóyá iná ẹ̀yìn ń tàn nígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀tì irin gígùn ara àwo búrẹ́ẹ̀kì náà ni mo dè kẹ́yìn. Bí ìyẹn bá bọ́ lójú ọ̀nà, gbogbo àwo búrẹ́ẹ̀kì yóò yípo tẹ̀ lé wíìlì.

Fífọ̀ àti ọ́ìlì

Ilẹ̀ Òkè-Ògùn pupa, ó sì ní iyanrìn; nígbà ọyẹ́, eruku rẹ̀ ń wọ ibi gbogbo. Eruku yìí àti ọ́ìlì tó pọ̀ jù lórí ṣéènì ń di ohun tó ń ra irin. Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ ṣéènì láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo nù ún gbẹ, mo sì jẹ́ kó sá díẹ̀. N kò lo bẹntiróò, nítorí iná. N kò sì lo ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù tí àwọn kan máa ń dà sí i, nítorí ọ́ìlì tí a ti tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì ti gbé lúbúlúbú irin àti ìdọ̀tí iná sínú. Ọ́ìlì jíà SAE 90 ni mo lò, ìkán kọ̀ọ̀kan sí àárín pẹlẹbẹ, lójú ibi tí píìnì wà, ní apá inú ṣéènì nísàlẹ̀, kí ìyípo wíìlì lè tì í wọlé. Lẹ́yìn náà ni mo nu ìta rẹ̀. Ọ́ìlì tó wà ní ìta kò wúlò ju pé kó dènà ìpẹtà lọ. Inú búṣì ni iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Mo tún wo kílíìpù ẹyọ ìsopọ̀. Orí rẹ̀ tó dí gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí ṣéènì ń lọ, ẹnu rẹ̀ tó ṣí yóò sì kọ ẹ̀yìn síbẹ̀, kí ohunkóhun tó bá gbá a má bàa tì í bọ́. Tirẹ̀ wà dáadáa.

Àwọn tó ń gun alùpùpù ńlá tó ń lo bẹ́líìtì eléyín lè bi mí bóyá ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n. Harley-Davidson ti gbé bẹ́líìtì sórí wíìlì ẹ̀yìn láti ọdún 1980 pẹ̀lú FXB Sturgis, ìwé wọn sì máa ń ní kí a fi agbára pọ́n-ùn 10, ìyẹn kílógíráàmù 4.5, ti àárín bẹ́líìtì ìsàlẹ̀ sókè pẹ̀lú irin ìwọ̀n tí wọ́n ṣe fún un, kí a sì ka bó ṣe rìn tó, dípò kí a fi ìka gbé e. Bẹ́líìtì kò gbọdọ̀ rí ọ́ìlì, a kò sì gbọdọ̀ ká a kúrú, nítorí fọ́nrán inú rẹ̀ lè ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tó le jù ni wọ́n ń wá gẹ́gẹ́ bíi tiwa, wíìlì gbọ́dọ̀ tọ́, béárìn kan náà ni líle àṣejù sì ń bàjẹ́.

Àyẹ̀wò pẹ̀lú èrò, àti ohun tó tẹ̀ lé e

A gbé máṣínnì sílẹ̀, bàbá àti ọmọ tún jókòó bí ti ìṣáájú, mo sì yí i títí àmì ṣọ́ọ̀kì fi dé ìsàlẹ̀. Mo pe ọmọ náà kó sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó nígbà tí mo fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀ lẹ́yìn. Ṣéènì tó ń mì ní mílímítà 25 lórí sítáńdì ti di 14. Ó fi ìka ara rẹ̀ tì í, ó sì rí i pé ó ṣì ń rìn, ṣùgbọ́n kò mì bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn. Àyẹ̀wò pẹ̀lú èrò yìí kò sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé, bẹ́ẹ̀ sì ni kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba alùpùpù lọ́wọ́ mẹkáníìkì máa ṣe é kó tó sanwó.

Àbúrò bàbá mi gbé e lọ sóko, ó sì gbé ìyàwó rẹ̀ àti ẹrù wá. Ó ní kíkùn náà ti lọ bí òun bá dá gùn ún, àti pé bí ẹrù bá wà lẹ́yìn, díẹ̀ ló kù níbẹ̀. Díẹ̀ tó kù yẹn kò yà mí lẹ́nu. Mo di sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú mú, mo mì í sókè sódò nígbà tí ṣéènì tú, mo sì gbọ́ ìkanra kékeré kan láti inú: béárìn náà ti jìyà kí a tó dá ṣéènì padà. Ó ṣì lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó rẹ̀ pamọ́. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì, mo sì fọ gbogbo ẹ̀yìn sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì náà kó lè rọrùn láti mọ̀ bó bá tún jò. Nígbà tí mo tún ṣí i wò, gbígbẹ ni mo bá a.

Ètò tí a jọ fẹnu kò sí ni pé yóò máa wọ̀n ṣéènì ní ibi tó le jù ní gbogbo kìlómítà 500, tàbí kó tó tó bẹ́ẹ̀ bí òjò bá sọ ọ̀nà oko di ẹrẹ̀ tàbí tí ọyẹ́ bá mú. Bí àyè rẹ̀ bá wà láàárín 20 sí 30, kó má fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan, ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni wí. Bí ogún àlàfo bá ti gùn dé 259, ṣéènì àti sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì ni a ó jọ yọ lẹ́ẹ̀kan náà, a ó sì jọ pààrọ̀ béárìn náà ní ọjọ́ kan náà, níwọ̀n bí a ó ti ṣí ẹ́ńjìnnì.